Inú àdàkọ ni kí Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mowe, ní Ibafo tàbí ní Ìfọ̀ lónìí, bó pẹ́ bó yá, yóò kan ojú ewé kan lórí fóònù. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbé ètò ilẹ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, OLARMS ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì yóò kan ojú ewé JAMB, ẹni tó ń wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò kan ti NIMC, oníṣòwò tó fẹ́ fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ yóò kan ti CAC. Gẹ̀ẹ́sì ni ojú ewé wọ̀nyí fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ fi ṣe ohun tó gbé wọn dé ibẹ̀. Yorùbá ni ẹbí onílẹ̀ fi jókòó pinnu ẹni tí yóò gba owó, Yorùbá ni àgbà tó mọ ààlà fi tọ́ka sí igi àti odò, Yorùbá náà ni wọ́n fi ná ilẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi wọ̀. Ìgbà tó wá kan àkọsílẹ̀, níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè di ẹjọ́ tí kò ní tán bọ̀rọ̀, ni èdè yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Olùrà á wá ọmọ oníkáfè kan tí yóò bá a kún fọ́ọ̀mù, á sì fara mọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò kà. Èrò mi ni pé a kò lè di ẹ̀bi èyí ru aráàlú, a kò sì lè fi ògbufọ̀ tó ń sáré tú ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí wò ó sàn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ojú ewé ni wọ́n ti ń yan èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni Yorùbá gbọ́dọ̀ wà láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo òǹkàwé mọ bí ojú ewé wọ̀nyí ṣe ń wáyé, torí èèyàn kì í béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń kọ ojú ewé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn bá forúkọ sílẹ̀, olúkúlùkù yóò rí ojú ewé tó gbé orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀, síbẹ̀ ẹyọ kan ni ẹni tó kọ kóòdù ṣe. Ẹyọ kan yìí ni àdàkọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà wà nínú rẹ̀: àkọlé, orúkọ àwọn àpótí inú fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnnì, ìkìlọ̀ tó ń yọ jáde bí èèyàn bá fo ìbéèrè kan. Àyè òfìfo wà láàárín wọn fún ohun tó ń yí padà. Bí ẹ bá tẹ líǹkì kan, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún yóò wo àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́, yóò mú apá kóòdù tó jẹ mọ́ ọn, apá náà yóò lọ wá àkọsílẹ̀ yín níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, yóò kì í bọ inú àwọn àyè òfìfo, yóò sì fi odindi ojú ewé ránṣẹ́ sí yín. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹni tó gé páànù sí bátànì, kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, ti pinnu ohun tí gbogbo aṣọ tó bá gba abẹ́ páànù náà yóò gbé jáde. Aró lè ṣókùnkùn tàbí kó mọ́lẹ̀, aṣọ lè jẹ́ ti olówó tàbí ti mẹ̀kúnnù, bátànì kò ní yí. Bí wọ́n bá ṣì í gé, kò sí bí a ṣe lè fọ aṣọ náà tí àṣìṣe ọ̀hún yóò kúrò lára rẹ̀.

Àdàkọ kan tún máa ń wà tí gbogbo àwọn yòókù dúró lé lórí. Òun ló ń gbé òkè ojú ewé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àwọn líǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àdàkọ yòókù á kàn fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí àárín. Ní òkè pátápátá nínú àdàkọ ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń kọ èdè tí ojú ewé ń sọ. Lẹ́tà méjì péré ni, en fún Gẹ̀ẹ́sì, yo fún Yorùbá. Ẹni tó bá ń wo ojú ewé lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rọ tó ń kàwé sí afọ́jú létí fi ń mọ ohùn tí yóò lò, òun náà ni bùráúsà fi ń mọ èdè tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ kóòdù ni kì í fọwọ́ kan ìlà yẹn rárá. Wọ́n bá en níbẹ̀, wọ́n fi en sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe yan èdè fún aráàlú nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó rò ó.

Ọgbọ́n àdàkọ kì í ṣe ti òní. Ní 1979 ni Trygve Reenskaug, ọmọ Norway tó wà ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní Amẹ́ríkà nígbà náà, là á kalẹ̀ pé kí a ya ohun tí ojú ń rí kúrò lára àkọsílẹ̀ àti ìṣirò tó wà lábẹ́ rẹ̀. PHP, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé, jáde ní 1995, Rails tẹ̀lé e ní 2004, Django ní 2005, Laravel ní 2011, àwọn mẹ́ta ìkẹyìn ló sì ń lo ìyàsọ́tọ̀ yìí. Ìtàn Django ló wù mí jù nínú wọn, torí ilé ìwé ìròyìn ni wọ́n bí i sí. Adrian Holovaty àti Simon Willison ń ṣiṣẹ́ fún Lawrence Journal-World ní ìlú Lawrence, ní Kansas, níbi tí ìròyìn kì í ti dúró de ẹni tó ń kọ kóòdù. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àti ẹwà ojú ewé lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láì fọwọ́ kan ìṣirò. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dá wà lọ́tọ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú kò ní láti mọ kóòdù kó tó lè fi Yorùbá síbẹ̀. Django, Rails àti Laravel ti pèsè ọ̀nà fún un: ẹni tó ń kọ àdàkọ yóò sàmì sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kó gbogbo gbólóhùn náà jọ sínú fáìlì kan fún èdè kan, ẹni tó mọ èdè yóò sì kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí Ọbáfẹ́mi àti Owódé wà nínú rẹ̀, ti pinnu rí lórí bébà pé Yorùbá ni yóò ṣíwájú. Ní oṣù Kejìlá 1859 ni Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀rí tó hàn gbangba jù lọ lónìí pé ó ṣeé ṣe ni Wikipedia èdè Yorùbá, tí àyọkà inú rẹ̀ ti lé ní 30,000. Àdàkọ gan-an ni wọ́n ń pè é níbẹ̀; ọ̀rọ̀ náà wà nínú àdírẹ́sì àwọn ojú ewé ọ̀hún. Àpótí tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà nípa ìlú kan tàbí ènìyàn kan, tó ń sọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tàbí iye olùgbé, kò sí ẹni tó ń tún un ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àwọn àyọkà sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnnì àti ti àwọn líǹkì ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń kọ wọ́n ní Yorùbá ní translatewiki.net, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ PHP tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà. Mi ò sọ pé kò kù síbì kan. Ibi tí wọ́n bá ti da àdàkọ Gẹ̀ẹ́sì kọ láì parí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ń yọjú láàárín Yorùbá, kò sì ní yọjú lójú ewé kan ṣoṣo, gbogbo ojú ewé tó ń lo àdàkọ náà ló ti máa ń yọ. Èyí gan-an fi agbára àdàkọ hàn lọ́nà méjèèjì. Àtúnṣe ìlà kan ń tún ẹgbẹ̀rún ojú ewé ṣe, ìmẹ́lẹ́ lórí ìlà kan sì ń ba ẹgbẹ̀rún jẹ́. Bí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún bá lè gbé irú iṣẹ́ yìí, ìjọba tó ń gba owó orí kò ní àwíjàre.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni pé àdàkọ tí wọ́n fi ọkàn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì nínú egungun rẹ̀. Ẹ wo ìlà tó ń sọ iye ìwé tuntun tó wà fún yín. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò gé e sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ìparí. Yóò tún kọ kóòdù tó ń fi s sí i bí nọ́ńbà bá ju 1 lọ. Ní Yorùbá, ìwé tuntun ló ń ṣíwájú, nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé e, ìwé 1 àti ìwé 20 kò sì yàtọ̀ síra. Unicode fúnra rẹ̀, nínú àkójọ ìlànà èdè àgbáyé tó ń pè ní CLDR, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún iye. Ògbufọ̀ tí wọ́n bá gbé ègé mẹ́ta fún lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí kò ní ibi tí yóò gbé nọ́ńbà lọ. Bí wọ́n bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, gbólóhùn kan odindi ni wọn ìbá kọ, tí àyè nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kí èdè kọ̀ọ̀kan gbé àyè náà síbi tó wù ú. Bákan náà ni àdàkọ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè akọ tàbí abo kó tó mọ bí yóò ṣe dárúkọ èèyàn. Yorùbá kò nílò rẹ̀, ó àti rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n Yorùbá nílò ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà fún, ìyẹn ọ̀wọ̀. Ojú ewé ìjọba tó bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Ọ̀fàdà pé "Tẹ orúkọ rẹ síbí" ti rí i fín kó tó béèrè ohunkóhun. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ orúkọ yín síbí" ni Yorùbá tó yẹ ojú ewé gbogbo ènìyàn, ìpinnu yìí sì gbọ́dọ̀ ti wà kí wọ́n tó kọ gbólóhùn kìíní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ewé kan yóò máa sọ ẹ, òmíràn yóò máa sọ o, bí ẹni tí kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìkìlọ̀ náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì inú fọ́ọ̀mù fẹ́ràn láti sọ pé nǹkan kò tọ́, kó sì dákẹ́. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní Yorùbá yóò rí i pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bójú mu, yóò kọ ọ́ pé "Nọ́ńbà fóònù yín kò pé, ẹ rí i pé ó jẹ́ 11." Gẹ̀ẹ́sì ojú ewé náà yóò sì jàǹfààní nínú rẹ̀.

Lẹ́tà ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wọlé láìfọhùn. Mú àmì kúrò, ilé àti ilẹ̀ á di ohun kan náà lójú ìwé. Lórí àkọsílẹ̀ ohun ìní, ilé lẹni kan tà tàbí ilẹ̀? Fọ́ọ̀mù tí kò lè gba ẹ, ọ àti ṣ kò lè dáhùn. Àwọn tó ń kọ kóòdù sì ní àṣà kan tó wọ́pọ̀: láti rí i pé orúkọ ni èèyàn kọ, tí kì í ṣe nọ́ńbà, wọ́n á ní kí fọ́ọ̀mù gba lẹ́tà láti a dé z nìkan. Lójú kóòdù bẹ́ẹ̀, Ṣọlá kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́ yóò rí àmì pupa, yóò bọ́ àmì orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì gbà á wọlé. Ìṣòro mìíràn fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní kan fún ọ, ó ní kan fún ṣ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ tó gbé àmì lórí. Lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ni a ó kọ tẹ̀ léra wọn. Nítorí náà, fóònù kan lè kọ ẹ́ ní ọ̀nà kan, kọ̀ǹpútà oníkáfè lè kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, àwọn ètò mìíràn ń lo ìlà kékeré lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì rogodo kékeré. Ojú kò tètè rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ rí i. Bí wọ́n bá wá Ṣẹ́gun nínú àkọsílẹ̀, ẹ̀rọ yóò ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ṣẹ́gun wà níbẹ̀. Ìlà kóòdù díẹ̀ ló ń wo èyí sàn: kí gbogbo ọ̀rọ̀ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà kó tó wọ ibi ìpamọ́, kí wíwá orúkọ sì lè fojú fo àmì bí ẹni tó ń wá a kò bá ní bọ́tìnnì àmì lórí fóònù rẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé orúkọ tí yóò jáde lórí ìwé yóò pé, wíwá a yóò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti kún tán kó tó ṣe é yóò bá orúkọ tó ti sọnù àmì, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ bóyá Ojo tó wà níwájú òun, Òjò ni àbí Òjó.

Àtakò tí n óò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Google ti ń tú Yorùbá láti oṣù Kejìlá 2013, kí ló tún kù? Mi ò ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yẹn, ó ti sàn sí i gan-an. Àmọ́ ẹ̀rọ ìtumọ̀ ń dé lẹ́yìn tí ojú ewé ti parí. Ó rí Home lókè ojú ewé, kò mọ̀ pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn tí kì í ṣe ibùgbé, torí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan kò fún un ní ohun tó lè fi mọ̀ ọ́n. Kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń kàwé kó tó yan o tàbí ẹ. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ohun tó sọ. Bí ojú ewé kan bá sọ fún olùrà ilẹ̀ pé owó kan kò ní padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ sì tú u sí òdì, ta ni yóò dáhùn? Ìtumọ̀ tó wà nínú àdàkọ ní ẹni tó kọ ọ́, ó ní ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Pẹ̀lúpẹ̀lù, inú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ náà ti ń kọ́ èdè. Bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ òfin, ilẹ̀ àti owó orí kò bá kọ Yorùbá síbẹ̀, kí ni ẹ̀rọ yóò fi kọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé Mowe àti Ibafo kì í ṣe ìlú Yorùbá nìkan mọ́. Òótọ́ ni. Èkó ń tú dà sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí rò pé a ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Àdàkọ tí wọ́n ti sàmì sí gbólóhùn rẹ̀ fún Yorùbá ti ṣí sílẹ̀ fún Ìgbò àti Hausa láìsí iṣẹ́ kóòdù mìíràn. Owó ògbufọ̀ nìkan ló kù. Ó lè gba Yorùbá àwọn ará Kétu ní Benin pàápàá, tí wọ́n ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ, torí CLDR ti ya àyè wọn sọ́tọ̀. Àwọn ará Mowe kò sì ṣàjèjì sí ìpàdé èdè méjì. Josiah Akíndayọ̀mí, tó dá ìjọ Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952, Yorùbá ló fi ń wàásù, E. A. Adeboye, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ló sì ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́. Ìjọ tó wá kọ́ ìlú ńlá sí ẹ̀gbẹ́ Mowe lónìí kò jẹ́ kí àìgbọ́ Yorùbá àwọn kan lé Yorùbá kúrò níwájú ìjọ. Ó fi èdè kejì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn tó ní ọ̀pọ̀ Yorùbá kò lè ka Yorùbá, pàápàá Yorùbá tó gbé àmì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n ń ra Aláròyé, tí wọ́n ń ka BBC Yorùbá láti 2018 tó ti bẹ̀rẹ̀, pọ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀wé bá jókòó ti ọmọ tó ń bá a kún fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà yóò kà á, yóò tú u, yóò gé èyí tí kò yé e kúrò, àgbẹ̀ yóò sì gba ohun tí ọmọ bá fún un. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ọmọ yóò kàn kà á sókè, etí àgbẹ̀ náà ni yóò ṣe ìdájọ́. Bí nǹkan kan kò bá dọ́gba, yóò ní kó dúró, kó tún un kà. Agbára láti ní kí wọ́n tún un kà yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé, Yorùbá sì dá a padà fún un láì kọ́ ọ ní lẹ́tà kan.

Ti pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó, ìyẹn kò gba àkókò. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde ní 1984, ìwé ọ̀rọ̀ ìṣòfin tó kó Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá pọ̀ sì jáde ní 1991. Orúkọ oṣù láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀ wà nínú CLDR, àdàkọ lè pè é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù pàápàá ti ń fi Yorùbá dá oníbàárà lóhùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ọjà bá ti wà, òun ni kí a lò: C of O ni kí a pe ìwé àṣẹ ilẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni onílẹ̀ àti lọ́yà ń pè é.

Láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn, àwọn kan yóò ní àdàkọ ti di ohun àná, pé láti 2013 tí Facebook ti gbé React síta, inú fóònù òǹkàwé ni a ti ń to ojú ewé jọ. React wúlò níbi tí ojú ewé ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ewé tí àdàkọ ti parí lọ́hùn-ún kí ó tó gbéra máa ń dé bí ọ̀rọ̀ lásán, ó fúyẹ́, fóònù olówó pọ́ọ́kú lè gbé e, kò sì jẹ dátà púpọ̀. Ọ̀nà kejì máa ń kọ́kọ́ fi ẹrù kóòdù ránṣẹ́, kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú ewé. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège, bí ó ti ń ṣe ní àwọn abúlé tó jìnnà sí òpópónà lápá Ọbáfẹ́mi, èèyàn lè máa wo ojú funfun títí dátà yóò fi tán. Àwọn tó ń ṣe React pàápàá ti ń dá apá kan iṣẹ́ náà padà sọ́hùn-ún. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sì yàn, fáìlì èdè yóò wà níbẹ̀. Wọn kò lè fi irinṣẹ́ ṣe àwáwí.

Òfin kò dí wa lọ́wọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 55, fàyè gba Yorùbá, Hausa àti Ìgbò nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bí ètò bá ti wà fún un. Abala 97 jẹ́ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lo èdè ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Abala 36 ní kí a sọ ẹ̀sùn tí a fi kan ènìyàn fún un ní èdè tó yé e. Èkó ṣe òfin lórí ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá ní 2018. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ kóòdù, ìbáà jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ onílé, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: pé gbogbo gbólóhùn inú àdàkọ gbọ́dọ̀ ti ní àmì ìtumọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, pé fáìlì Yorùbá gbọ́dọ̀ kún kí wọ́n tó san owó ìkẹyìn, pé orúkọ tó gbé àmì gbọ́dọ̀ wọlé, kó pamọ́, kó sì jáde bó ṣe wọlé. Kò yẹ kí iye rẹ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù ìjọba kan kì í pọ̀ tó ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ẹyọ kan.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de Abẹ́òkúta. Àwọn ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́ ń wá lójoojúmọ́, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì gùn: orúkọ, agboolé, abúlé, orúkọ baálẹ̀, àwòrán. Kí wọ́n ṣe ojú ewé ọ̀hún ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láti inú àdàkọ. Kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n gbé e fún baálẹ̀ kan, fún ìyálọ́jà kan àti fún ọmọ kíláàsì kẹfà kan, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà á sókè. Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kọsẹ̀ lé lórí, kí wọ́n padà sínú fáìlì, kí wọ́n tún un kọ.